Aṣọ Tí Wọ́n Rán fún Géèmù Alájà Talatu

Ummu-Kulthum ti kìlọ̀ fún Ṣàmsúdéènì kí wọ́n tó wọ agbo ilé àwọn Ummu ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin. Ó ní, "Ṣàmsú, ìyá wa àgbà á ní kó o bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù o." Ṣàmsúdéènì bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Orúnkún wo ni wọ́n fẹ́ fi gbá a?" Ummu wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àbí kí ló tún fẹ́ wí? Ẹni tí a wí fún tí kò gbọ́, ara rẹ̀ ni yóò fi gbọ́.

Ká má parọ́ mọ́ ọmọkùnrin náà, ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ó ní ìgbéraga díẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ títún géèmù ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti fi ṣeré, ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tanke, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbé géèmù tó kú wá bá a láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, òkú ti jí. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Ó sì gba orúkọ yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá pè é ní Ṣàmsúdéènì, ó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Wàyí o, eré kọ́ ló gbé e wá sí Gàmbàrí. Ummu ló fẹ́ fẹ́, Ummu sì ti gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ rí bàbá ọmọ, Alfa Mohammed, bàbá náà fọwọ́ ra irùngbọ̀n títí, ó ní, "Èmi ò ní ohun búburú kan sọ sí ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ilé yìí, ẹnu ìyá mi ló ń parí sí. Bí wọ́n bá ní ó dáa, a ó mú ọjọ́ yìgì. Bí wọ́n bá ní kò dáa, kó o yáa fọkàn balẹ̀, ìwọ kọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ lé." Ìyá tó ń wí yẹn ni Alájà Talatu, tó ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàta títí orúnkún fi dá a jókòó sílé, tí tọmọdé tàgbà agbo ilé náà sì ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n wọlé. Ṣàmsúdéènì gbé igbá wàrà dání, ó lóṣòó bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ìlọrin, ó kí, ó sì ń kí lọ. Alájà ò jẹ́ kó kí i tán. Ó jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wé tẹ̀sùbáà mọ́ ọrùn ọwọ́, páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Wá jókòó," ó ní. "Mú páàdì kejì yẹn. Mi ò kì í bá ẹni tí mi ò tíì bá gbá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Háà! Ojú Ṣàmsúdéènì là. Ariwo kan ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ariwo ẹ̀rọ ata. Ó yíjú síbẹ̀, ó rí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan. Géèmù tí Hamzah, ọmọ-ọmọ Alájà, fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ kàwé ní Sáríà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wọ aṣọ fún un. Aṣọ gidi o! Òfì pupa tó nípọn, tí wọ́n fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ sí létí, tí wọ́n tún tẹ́ aṣọ mìíràn sí nínú, tó bo géèmù náà láti orí dé ẹsẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Kò sí agbo ilé tí wọn kì í ti í fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n tàbí rédíò nítorí eruku. Ti Alájà Talatu ló kàn pọ̀ jù.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ṣàmsúdéènì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun á jẹ́ kí ìyá àgbà gbá ẹyọ kan wọlé, nítorí ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Kó tó mira, ẹyọ méjì ti wọlé. Àwòrán á lọ, á dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Bí Ṣàmsúdéènì bá tẹ páàdì pé kí agbábọ́ọ̀lù òun gbá a, ẹni yẹn á dúró bí ẹni tó dé ọjà tó gbàgbé ohun tó wá rà, ìgbà tó bá fi máa gbẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ. Alájà ní tirẹ̀ ń tẹ páàdì kí bọ́ọ̀lù tó dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, bọ́ọ̀lù sì ń wọlé. Nígbà tí wọ́n fi parí, márùn-ún ló ti wọlé Dókítà, òun ò rí ẹyọ kan dá padà. Abdulganiyu, télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀.

"Má wulẹ̀ bọkàn jẹ́, àna wa," ó ní. "Gbogbo wa ni wọ́n ń fìyà jẹ níbí. Èmi ò tíì gbá ẹyọ kan wọlé wọn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ."

Ojú ti Ṣàmsúdéènì, ìtìjú sì máa ń mú un sọ̀rọ̀ jù. "Alájà, ẹ má bínú o, ẹ̀rọ yín ló ń ṣàárẹ̀. Ṣíìpù kan wà nínú rẹ̀ tó ń ya àwọn àwòrán tí ẹ ń rí yìí. Àwọn tó ṣe é ti pààlà fún un, iná tó lè jẹ àti ooru tó lè gbà. Bí ara rẹ̀ bá tutù, eré ni yóò máa sá. Bí ooru bá ti fẹ́ kọjá ààlà, á dín eré kù fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń dúró, tó ń lọ. Eruku ti dí i nínú, aṣọ yìí ò sì jẹ́ kó mí. Ẹ jẹ́ n bá yín tọ́jú rẹ̀."

Alájà yíjú sí i. "Á dín eré kù fúnra rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájà."

"Kó má bàa jóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ọlọ́gbọ́n ni ẹ̀rọ yẹn o. Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Má ṣe wàhálà. Tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó sọ ohun tí mo rí."

Ibi tí ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni àgbà máa sọ fún pé má ṣe wàhálà, tí kò ní ṣe é? Bí àgbà bá ru ẹrù, tó ní kò wúwo, ṣebí ńṣe la ó gbà á lórí rẹ̀. Bó bá ní ebi ò pa òun, a ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ tán. Bí ìyá Ṣàmsúdéènì ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ummu gan-an ṣẹ́jú sí i nígbà tó ń sìn ín sọ́nà. "Ojú ló ń tì wọ́n," ó ní. "Ṣe é fún wọn. Bí o bá ṣe é, o ti fẹ́ mi tán."

Ọjọ́ tí Alájà lọ sí wòlímà nílé àbúrò rẹ̀ ni Ṣàmsúdéènì gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó bọ́ aṣọ òfì náà, ó ká a, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tú géèmù náà palẹ̀. Ẹ̀yin ará, eruku tó jáde níbẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Kòkòrò ẹ̀wà méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kú, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìpàta. Ọ̀rá tó yẹ kó máa gba ooru lára ṣíìpù fún irin tó ń tú u dànù ti gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta. Ó ha á kúrò, ó fi tuntun sí i, ó fẹ́ fáànù mọ́, ó dè é padà, ó tan iná sí i. Ariwo? Kò sí ariwo. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ rọ́rọ́, àwòrán sì ń lọ geerege, kò dúró níbì kankan. Ṣíìpù ti sáré dé òpin eré tí wọ́n yàn fún un, kò sì wálẹ̀ mọ́. Ṣàmsúdéènì jó. Ummu jó. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ irú ìrẹsì tí wọ́n máa sè lọ́jọ́ yìgì.

Alájà dé lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo géèmù tó wà níhòòhò. "Ta ló bọ́ aṣọ rẹ̀?"

Ṣàmsúdéènì lóṣòó, eyín rẹ̀ síta. "Èmi ni, Alájà. Mo ti tọ́jú rẹ̀. Ó ti dà bí tuntun."

"O ṣé," Alájà wí. O ṣé yẹn ò níyọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í tọ́ ọbẹ̀ wò.

Abdulganiyu ló kọ́kọ́ mú páàdì, bó ṣe máa ń ṣe, láti lọ jìyà ojoojúmọ́ rẹ̀. Kò pẹ́, ó gbá ẹyọ kan wọlé. Ó wo páàdì. Ó wo Alájà. Ó tún gbá òmíràn wọlé. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé, ó dìde, ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì sá wá wò bóyá iná ló ń jó. Wọ́n gbé e sọ́rùn, wọ́n yí agbo ilé po, ó sì ń ṣèlérí pé òun á rán fìlà ọ̀fẹ́ fún olúkúlùkù. Wọ́n ní kí Ummu náà jókòó. Ummu tí kò mọ̀ pé wọ́n máa ń yí ilé padà lẹ́yìn ìsinmi, tó gbá bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ummu náà na Alájà!

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí Alájà gbé páàdì sílẹ̀. "Ọwọ́ mi ti darúgbó," ó ní. "Ẹ máa gbá a." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tan géèmù. Alásárì á lọ, Màgàríbì á dé, agbo ilé á pa lọ́lọ́. Alájà á jẹun díẹ̀, á ja tẹ̀sùbáà, á sùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, Ṣàmsúdéènì lọ rí Alfa Mohammed nítorí èsì. Bàbá náà mi orí. "Ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìgì lọ síwájú wọn báyìí? Èmi kọ́ o." Ummu ò tiẹ̀ sọ tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Dókítà! Kí lo ṣe sí ìyá mi àgbà? O gbé ẹ̀rọ dìde, o dá èèyàn dùbúlẹ̀!"

Ṣàmsúdéènì padà sí Tanke, inú rẹ̀ bàjẹ́ bí ọbẹ̀ àná. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé géèmù eléruku wá bá a, òun náà ń dúró, ó ń lọ. Kó tó tú u, ó ní kí òun gbá a díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pẹ́. Ó wá gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bọ́ọ̀lù wọlé. Ó fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. Bí Alájà ṣe ń gbá a gan-an nìyẹn! Ìyá náà mọ ibi tí ẹ̀rọ tó gbóná á ti dúró, ó mọ ibi tí yóò ti ṣí, kò sì sí ẹlòmíràn ní Gàmbàrí tó mọ̀ ọ́n. Òun Ṣàmsúdéènì ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba adé lórí arúgbó.

Kí ló kù? Kí géèmù tún gbóná ni. Ó yọ́ wọ agbo ilé lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Alájà wọlé lọ sùn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ṣàlàyé ohun tó rí fún Ummu àti Abdulganiyu, ó wọ aṣọ òfì fún géèmù, ó tan án, ó dúró. Géèmù dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù! Ummu gbé kúbùsù wá, wọ́n fi wé e. Géèmù dákẹ́. Wọ́n ti gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé fíláàsì omi gbígbóná méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dákẹ́, kò gbin. Abdulganiyu tó ti ń kábàámọ̀ ìṣẹ́gun rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù jáde láti ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá Abdulganiyu, ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́ ni?" Ṣàmsúdéènì bi í.

"Ìwọ náà sọ̀rọ̀ o, ìwọ tó o fi ọ̀rá tuntun sí i! Gbóná, ìwọ ẹ̀rọ yìí, gbóná nítorí Ọlọ́run!"

Òógùn ń ṣàn lára gbogbo wọn, géèmù nìkan ni ara rẹ̀ tutù. Nígbà tó pẹ́, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwòrán dúró lẹ́ẹ̀kan. "Ó ti ń dúró!" Ummu fò sókè. Ṣàmsúdéènì, ẹni tó ń fi mímú ẹ̀rọ tutù jẹun, gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Alihamudulilai, ó ti gbóná!"

"Ṣé ibà ń ṣe é ni?"

Alájà Talatu ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo géèmù tí wọ́n dì bí ọmọ tuntun. Abdulganiyu gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́yìn, ó jó o nídìí díẹ̀, kò sì lè ké.

Ṣàmsúdéènì lóṣòó. "Alájà, ẹ forí jì mí. Ọwọ́ yín ò darúgbó. Èmi ni mo mú kí ẹ̀rọ yá jù. Mo fẹ́ kó tún máa dúró bó ṣe ń dúró, kí ọwọ́ yín lè padà sípò."

"O rò pé mi ò mọ̀ ni?" Alájà ní. "Nígbà ọyẹ́, àwọn wọ̀nyí ń nà mí bí bàrà. Ooru dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n. Mo ní kí ló yí padà? Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn géèmù, ó gbóná fofo. Mo ní ó dáa. Mo bá ranṣẹ́ ra òfì."

"Lá ìláà!" Abdulganiyu pariwo, ó gbàgbé ìdí tó jó. "Èmi lẹ gbé aṣọ yẹn fún! Èmi ni mo rán an! Ẹ ní kí n tẹ́ inú sí i, kó nípọn dáadáa!"

"O sì rán an dáadáa," Alájà dá a lóhùn. "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ummu yí gbirigbiri lórí ẹní. Alájà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá jókòó, ó sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń gbọ̀n. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹ ti bá mi parí rẹ̀ kí n tó dé ìdajì. Bí mo bá ń rìn lọ sí ilé ìwẹ̀, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Géèmù yẹn nìkan ló ń dúró dè mí. Ìwọ Ṣàmsúdéènì, mo ní kó o fi í sílẹ̀, àmọ́ mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ta ló máa sọ irú ìdí bẹ́ẹ̀ síta?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣàmsúdéènì lára. Omi lé sí i lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó bọ́ kúbùsù, ó bọ́ òfì, ó gbé fíláàsì kúrò, ó sì mú páàdì. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, ibì kan wà tí èèyàn ti lè yan bí eré ṣe máa yá tó, gbogbo ọmọ kékeré ló mọ̀ ọ́n. Dókítà tó ń tú ikùn ẹ̀rọ kiri ni kò rántí. Ó yan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tó yó, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí àwọn Alájà tó ń bọ̀ láti mọ́sálááṣí, àwòrán ò dúró, ẹ̀rọ ò gbóná.

"Gbogbo ilé ló máa gbá a báyìí," ó ní. "Àwa la máa dúró dè yín. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

Alájà wo tẹlifíṣọ̀n títí. Ó mú páàdì. "Bó o bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n wọlé, n ó mọ̀. Ẹ̀wà ni mo tà, mo mọ ojú ẹni tó ń díbọ́n. Gbá a tọkàntọkàn."

Ṣàmsúdéènì gbá a tọkàntọkàn. Alájà kọ́kọ́ gbá ẹyọ kan wọlé, ó tàn án lọ sọ́tùn-ún, ó gba òsì kọjá, ọgbọ́n Ìpàta. Ṣàmsúdéènì dá a padà. Ilé kún, èrò ń pariwo, Alfa Mohammed tó ní òun kì í wo géèmù ti na ọrùn lójú fèrèsé. Ó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí. Ṣàmsúdéènì gba bọ́ọ̀lù, ó kọjá ẹni kan, ó kọjá ẹnì kejì, ó ku òun àti ẹni tó ń ṣọ́lé nìkan. Ìka rẹ̀ ti wà lórí páàdì.

Alájà ò gbójú kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. "Ṣàmsúdéènì," ó ní wọ́ọ́rọ́wọ́, "mo ti fún ẹ ní Ummu. Kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì."

Ariwo tó sọ! Ummu figbe ta, Abdulganiyu ju fìlà sókè, Alfa Mohammed ń sọ Alihamudulilai lójú fèrèsé. Ṣàmsúdéènì ju páàdì nù, ó gbàgbé pé wọ́n ń lóṣòó ní Ìlọrin, ó nà gbalaja sórí ẹní, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ń jẹ ẹní. Nígbà tó fi máa gbórí sókè, Alájà ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti rìn ín lọ sí òdìkejì pápá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lọ́nà.

"Dìde, ọmọ mi," Alájà Talatu ní. "Ó ti wọlé."